Àìkú tí à ń ṣe àmín sí

"Ire owó, ire ọmọ, àti àìkú tíí ṣe baálẹ̀ ọrọ̀." Kò sí Yorùbá tó gbọ́ ìwúre yìí tí kì í ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ṣe àmín bóyá ó fẹ́ wà láyé títí láé, á ní, "Háà, rárá o." Kí ló wá ṣe àmín sí?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. "Àì" ló ṣáájú "kú", bó ṣe ṣáájú "sùn" nínú "àìsùn". Ẹni tó lọ sí àìsùn òkú kò ní in lọ́kàn pé òun kò ní sùn mọ́ láyé òun. Òru ọjọ́ náà ni kò ní sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, á wá ibi fẹ̀yìn lé. Bẹ́ẹ̀ ni àìkú ṣe rí lẹ́nu àgbà: kí ikú má yọjú kí ọjọ́ tó pé. Àgbà kan náà tó ń wúre àìkú ló ń sọ pé àwáyé-máà-kú kò sí. (Àìkú tinú Bíbélì, ní 1 Kọ́ríńtì 15, yàtọ̀: ara tuntun lẹ́yìn àjíǹde nìyẹn, kì í ṣe èyí tí a gbé wà láyé yìí.)

Ibẹ̀ ni mo ti wá lóye ohun tí à ń bẹ̀rù. Òkú méjì la sin lágboolé wa lọ́dún kan. Ìyá àgbà tó lé lẹ́ni ọdún 90 ló kọ́kọ́ lọ: a pa màlúù, a dá aṣọ ẹbí, àwọn ọmọ-ọmọ jó títí ẹsẹ̀ fi wú. Kò pẹ́ sí i, ọmọkùnrin ẹni ọdún 23 kú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e lọ, láìlù láìfọn. Òbí kì í rí sàréè ọmọ, nítorí náà ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá, mo jókòó tì í. Bàtà ọmọ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó láyà àtigbé e. Òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn. Pé àgbà ń sin ọmọdé, òun ló ń já wa láyà ju ikú fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ti Jeanne Calment, ará Arles nílẹ̀ Faransé. Wọ́n bí i ní 1875, ó kú ní 1997, lẹ́ni ọdún 122. Kò tíì sí ẹni tí àkọsílẹ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Yvonne, kú ní 1934. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1942. Ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tó ní, jàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní 1963. Ó tún lo ọdún 34 lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀mí gígùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á láti pè é ní baálẹ̀ ọrọ̀. Ẹni tí kò bá sì kú rárá ńkọ́? Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ni yóò sin, tọmọ tọmọ-ọmọ. Bí baba kò bá sì lọ, ta la ó sọ ní Babátúndé?

Ìdí nìyí tí àgbà tó mọ ìwúre kì í fi í dúró lórí àìkú. Á fi kún un pé, "Ọmọ ni yóò gbẹ̀yìn yín." Ìyá ọmọkùnrin yẹn ṣì máa ń ṣe àmín sí i. Ó ku ọmọ méjì fún un.