Bí WWE ṣe fi ọdún mẹ́tàlélógún kọ́ orúkọ Undertaker

Kí àwọn oníjàkadì WWE, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì kan ní Amẹ́ríkà, tó bọ́ sínú ríǹgì, àwọn méjèèjì ti mọ ẹni tí yóò borí. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń pinnu ìyẹn. Ọwọ́ àwọn tó ń jà ni bí wọ́n ṣe máa débẹ̀ kù sí. Rẹfirí náà wà nínú rẹ̀: bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹni tó ṣubú, ó lè máa sọ iye ìṣẹ́jú tó kù fún un.

Ìṣubú náà kì í ṣe eré ṣá o. Pákó ló wà lábẹ́ aṣọ ríǹgì, fóòmù tó tẹ́ sórí rẹ̀ kò nípọn.

Ẹ wo Tombstone, ọgbọ́n tí oníjàkadì tí wọ́n ń pè ní Undertaker fi máa ń parí ìjà nígbà tó ṣì ń jà. Yóò gbé ẹnìkejì dorí kodò mọ́ àyà, yóò sì kúnlẹ̀ gbì. Lójú òǹwòran, orí ti fọ́ nìyẹn. Àárín itan ni orí ọ̀hún wà, ó sì ga díẹ̀ ju orúnkún lọ, kí orúnkún lè kọ́kọ́ kanlẹ̀. Bó bá yọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ báyìí, ọrùn lè ṣẹ́.

Mark Calaway lorúkọ ọkùnrin náà. November 1990 ló yọ sí WWF, bí wọ́n ṣe ń pe WWE nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí òkú tó ń rìn. Wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀, á kàn dìde jókòó gbọnrangandan. Paul Bearer tó ń gbé ìkòkò eérú tẹ̀ lé e ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú òkú rí ní ti gidi.

Ní 1991, ó na Jimmy Snuka ní WrestleMania, àṣekágbá ńlá tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe lọ́dọọdún. Ọdún ń gorí ọdún, kò fìdí rẹmi níbẹ̀, síbẹ̀ ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ kíkà rẹ̀ di ọjà. Ní 2002, lẹ́yìn tó na Ric Flair, ó ń fi ìka ka iye rẹ̀ fáwọn èrò títí ó fi pé mẹ́wàá. Láti ìgbà náà, àìṣubú yẹn níyì ju bẹ́líìtì tí wọ́n ń fún aṣíwájú lọ.

Irú iyì bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dìgbà tí wọ́n máa ná an. Ó ti borí ní WrestleMania nígbà mọ́kànlélógún kí wọ́n tó jẹ́ kí oníjàkadì Brock Lesnar dá a dúró ní New Orleans, ní April 2014. Lóṣù August ọdún náà, Lesnar lu John Cena bí ẹni lu bàrà, ó sì gba bẹ́líìtì. Ọ̀dọ́ tí kò tíì lókìkí ni irú ẹ̀bùn yẹn ì bá tọ́ sí. Lesnar ti gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti Calaway, orí rẹ̀ mì jìgìjìgì nínú ìjà ọ̀hún débi pé ilé ìwòsàn ló sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.