Ewé Tó Pa Jẹjẹrẹ Nínú Àwo Kò Tíì Di Oògùn

Ìbéèrè tí àwọn ará wa ní Kubwa àti Nyanya, l'Abuja níbí, máa ń bi mí jù ni pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni ewé sáwásọ́ọ̀pù ń pa jẹjẹrẹ?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo láàbù. Iyọ̀ lásán náà yóò pa á níbẹ̀ bó bá pọ̀ tó. Èyí tó le láti rí ni ohun tí yóò pa jẹjẹrẹ tí yóò sì dá aláìsàn sí.

Bí a bá ti sá ewé gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó rẹ ẹ́ sínú ethanol, ìyẹn ọtí líle tí a fi ń yọ èròjà jáde, a ó sì sẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà ló wà nínú ohun tí a sẹ́ yìí. Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ló ń gba àkókò jù, torí gbogbo ìpín la gbọ́dọ̀ dán wò kí a tó mọ ibi tí agbára wà. A ó da ìpín kọ̀ọ̀kan sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí a ń tọ́jú. Lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, a ó fi MTT, aró yẹ́lò kan, sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á sọ aró náà di àlùkò. Òkú sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ á wá ka bí àwọ̀ náà ṣe ki tó, ibẹ̀ la ti ń ṣírò IC50, ìyẹn ìwọ̀n tó ń dín sẹ́ẹ̀lì kù dé ìdajì. Lẹ́yìn náà, a ó ṣe ohun kan náà fún sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn. Bí ìwọ̀n kan náà bá pa àwọn yẹn, èmi kì í bá a lọ mọ́.

Ẹ wo òdòdó Catharanthus roseus, tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé káàkiri Abuja. Àwọn ará Jamaica ń mu ewé rẹ̀ fún àtọ̀gbẹ. Àwọn onímọ̀ Robert Noble àti Charles Beer ní Kánádà fún àwọn ẹranko láàbù ní omi ewé náà mu, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà. Nígbà tí wọ́n gún un sí wọn lára, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ gan-an. Èyí ló jẹ́ kí wọ́n rò pé ó lè bá jẹjẹrẹ jà. Wọ́n kéde èròjà tó fa èyí, vinblastine, tó di oògùn jẹjẹrẹ, ní 1958. Láti ara òdòdó yẹn náà ni vincristine ti jáde, tí a ṣì fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi sí. Bó bá ṣèèṣì wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ó ń pani.

Iṣẹ́ kẹ́mísìrì tún wà níbẹ̀. Inú èèpo igi yew ni wọ́n ti rí paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1992, ṣùgbọ́n bíbó èèpo ń pa igi náà. Àwọn onímọ̀ wá mú èròjà tó sún mọ́ ọn láti inú ewé yew ilẹ̀ Yúróòpù, ewé tó ń hù padà, wọ́n sì parí ìyókù ní láàbù.

A kò kẹ́gàn àgbo o. Ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba ní Idu níbí, fi ṣe oògùn Niprisan fún fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n èròjà annonacin inú sáwásọ́ọ̀pù ń ba sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ jẹ́ nínú ìdánwò, àwọn oníṣègùn ní Guadeloupe sì ti so mímu ewé rẹ̀ pọ̀ mọ́ irú àìsàn gbígbọ̀n kan.

Tí ẹ bá ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹ má fi àgbo pamọ́ fún dókítà yín. Àwọn ewé kan ń yí bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń lo oògùn padà. Ẹ mú ìgò náà dání, ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ ń mu ún, kí wọ́n tó fa oògùn sí yín lára.