Ìjà Ló Bí I: Ibi Tí Safe Parking Ti Ṣẹ̀ Wá ní Amẹ́ríkà

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ní Kalifọ́níà, àwọn èèyàn pọ̀ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, inú mọ́tò ni wọ́n ń padà sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n á sùn mọ́jú. Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n o. Ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ìyá àgbà tí owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ ò ká rẹ́ǹtì mọ́ náà wà níbẹ̀. Torí irú wọn ni ètò tí wọ́n ń pè ní safe parking ṣe wáyé, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ẹni tó ń gbé inú mọ́tò lè páàkì síbẹ̀ lálẹ́, kó sùn láìsí pé ọlọ́pàá ń gbá gíláàsì ẹ̀ lóru.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ẹ lè rò pé ìjọba ìlú ló dédé ṣàánú wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìjà ló bí i.

Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon ti ń gbà kí ṣọ́ọ̀ṣì fi mọ́tò díẹ̀ wọ̀ sọ́gbà wọn láti ìparí àwọn ọdún 1990, àmọ́ Santa Barbara ni òkìkí ẹ̀ ti kàn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìlú wò kọ́ṣẹ́. Etíkun ni Santa Barbara wà, lókè Los Angeles, òkè ńlá wà lẹ́yìn ẹ̀, òkun wà níwájú ẹ̀, ilẹ̀ ò sí mọ́, owó ilé sì ti kọjá ohun tí òṣìṣẹ́ lè dé. Àwọn kan wá ra RV, ìyẹn mọ́tò gbọọrọ tó ní ibùsùn àti síńkì nínú, wọ́n ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ìjọba ìlú gbé òfin jáde pé RV ò gbọ́dọ̀ dúró sí títì lóru mọ́. Àwọn onímọ́tò ò sá lọ o, wọ́n ti ní ẹgbẹ́ tiwọn tó ń jẹ́ Homes on Wheels, wọ́n gba kọ́ọ̀tù lọ, nígbà tó di 2004 ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Kalifọ́níà sọ pé ìlú ò lè máa fìyà òfin yẹn jẹ èèyàn tí wọn ò bá gbé pátákó tó tọ́ síta kí gbogbo èèyàn rí i.

2004 yẹn náà ni New Beginnings, ilé ìmọ̀ràn kan nílùú náà, gba ètò ìgbọ́kọ̀sí alẹ́ sọ́wọ́. Ohun tí wọ́n rò ò le rárá: ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ọ́fíìsì ìjọba máa ń ṣófo lálẹ́, ọ̀dà ti wà nílẹ̀, èèyàn á gbé ibùsùn ara ẹ̀ wá, ilé ìgbẹ́ alágbèéká nìkan ló kù tí wọ́n máa gbé síbẹ̀. Wọ́n á wọlé ní nǹkan bí aago 7 alẹ́, wọ́n á jáde ní aago 7 àárọ̀ kí àwọn onílẹ̀ tó dé. Mọ́tò díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó síbì kọ̀ọ̀kan kí aládùúgbò má baà pariwo, wọn kì í sì kéde ibi tó wà.

Ṣùgbọ́n ibùsùn nìkan kọ́ ni o. Ẹni tó ń sùn káàkiri títì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n á ti rí i lọ́la, àmọ́ tó bá ń sùn sójú kan lálaalẹ́, òṣìṣẹ́ ètò náà á mọ̀ ọ́n, á bá a wá ìwé ẹ̀ tó sọnù, á forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún ilé, á bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni èrè ètò yìí wà.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ń sá fún. Ọlọ́pàá á já tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹ torí pé o sùn nínú mọ́tò, o ò rówó san án, tíkẹ́ẹ̀tì á di mẹ́ta á di mẹ́rin, wọn ò ní jẹ́ kó o ṣe ìwé ọkọ̀ tuntun, mọ́tò tí ò níwèé ni wọ́n sì máa ń wọ́ lọ, ọjọ́ tí wọ́n bá wọ́ ọ lọ, ilé ẹ lọ, ẹrù ẹ lọ, irinṣẹ́ ẹ náà lọ. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí bàbá kan ní Seattle ní 2016, inú ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀ ló ń gbé, irinṣẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ wà nínú ẹ̀, wọ́n fà á lọ. Ó gba kọ́ọ̀tù lọ, ní 2021 ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Washington sọ pé ọkọ̀ tí èèyàn fi ṣe ilé, ilé ni lójú òfin. Ohun tó ń dùn mí sì ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò safe parking yìí náà ń béèrè láísẹ́nsì, ìwé ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì kí wọ́n tó gbà ẹ́ wọlé, ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì ti gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ ló sì nílò ibẹ̀ jù.

Bí ètò náà ṣe tàn kálẹ̀ jọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, òfin tó ń lé wọn àti ilẹ̀ tó ń gbà wọ́n jọ ń rìn ni. Òfin Los Angeles tó ní èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi mọ́tò ṣe ilé ti wà láti 1983, ní 2014 kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé e pé kò yéèyàn, ẹnikẹ́ni ò lè mọ ohun tó ṣe tó fi rúfin. Ìlú ṣe òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ó ní àdúgbò tílé wà, èèyàn ò gbọ́dọ̀ sùn nínú mọ́tò níbẹ̀ láti aago 9 alẹ́ dé 6 àárọ̀. Ní 2018, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Safe Parking LA ṣí ọgbà àkọ́kọ́ wọn ní Koreatown, àdúgbò kan nínú ìlú náà. San Diego náà nìyẹn: ẹgbẹ́ Dreams for Change ti ń ṣe ètò safe parking níbẹ̀ láti 2010 lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ìlú fagi lé òfin àtijọ́ tó ní èèyàn ò gbọ́dọ̀ gbé inú mọ́tò ní oṣù kejì 2019 torí adájọ́ ti dá a dúró, oṣù karùn-ún wọ́n ti gbé tuntun jáde, oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ṣí ilẹ̀ kan ní Mission Valley nítòsí pápá ìṣeré fún àwọn onímọ́tò.

Kí ló dé tí ìlú fi ń wá ilẹ̀ fún wọn? Ìdí kan ni pé ní 2018 kọ́ọ̀tù kan tó ń rí sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti sọ pé o ò lè fìyà jẹ ẹni tó sùn síta tí kò bá sí ibùsùn kankan tó o lè fún un. Ní oṣù kẹfà 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lórílẹ̀-èdè náà, nínú ẹjọ́ Grants Pass, ìlú kan ní Oregon, dìbò 6 sí 3, wọ́n sì já okùn yẹn. Ìlú tó bá fẹ́ lè lé wọn báyìí láìṣí ọgbà kankan fún wọn, èyí tó bá ṣì ń ṣí i, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń ṣí i.