Ẹ jẹ́ kó gbẹ: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìdọ̀tí oko ṣe èédú

Ìgbà òjò kì í kọjá kí àwọn oníbàárà mi má gbé bírìkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èédú ìdọ̀tí oko tí a fi ẹ̀rọ fún pọ̀, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé kí n wá wo ohun tí ẹ̀rọ mi fún. "Ẹnjiníà, ẹ̀rọ yín ò dáa o. Èéfín nìkan ló ń rú." N ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, n ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, n ó fi àtàǹpàkò tẹ inú rẹ̀. Ọ̀rinrin. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ mi. Èmi ni mo jó irin rẹ̀, mo mọ ohun tí mo ṣe. Èédú tútù ni wọ́n ń dáná sí.

N kò ní padà sórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ti dúró tì wá ní ààbọ̀ ọjọ́ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ó sun ìdọ̀tí oko nínú àgbá irin tí atẹ́gùn kò ráyè wọ̀ púpọ̀, ẹ ó gún èédú rẹ̀, ẹ ó fi sítáàṣì pò ó, ẹ ó fún un, ẹ ó sá a. Ohun tí a ó fi ṣe é kò sì wọ́n ní ilẹ̀ wa: èèpo ẹ̀gẹ́ wà níbi gbogbo tí wọ́n ti ń yan gàrí, èèpo èkùrọ́ wà ní ẹbu epo, èérún pákó wà níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ká má tíì wá sọ ti èèpo kòkó àti kùkù àgbàdo. Wọ́n á dáná sun gbogbo rẹ̀ lásán kí ilẹ̀ lè mọ́, èéfín á bo àdúgbò, wọ́n á sì tún mówó lọ ra èédú tí wọ́n gé igi tútù nínú igbó fi ṣe. Ó máa ń dùn mí.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá tiwa lè rọ́pò èédú ilẹ̀, irú ti Enugu tí wọ́n rí ní 1909, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ní 1915. Fún alákàrà, fún ẹni tó ń yan ẹja, fún alágbẹ̀dẹ, ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ti inú ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan la lè sun ún. Ẹ̀gẹ́ kò ní yé hù.

Omi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ gbé lítà omi tútù kan kaná, ẹ wo ìwọ̀n iná tó gbà kó tó hó. Iná tí omi yẹn kan náà yóò gbà kó tó gbẹ tán nínú ìkòkò ju ìlọ́po márùn-ún ìyẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí bírìkẹ́ẹ̀tì tútù kò fi lè se nǹkan kan. Iná tó yẹ kó se ìkọ́kọrẹ́ yín, ó ti fi gbẹ omi ara rẹ̀ tán. Ẹ ó máa fẹ́ ẹ, ojú yín á máa ṣomi, ẹ ó sì sọ pé èédú ìdọ̀tí kò dára.

Ẹ̀ẹ̀mejì la ní láti gba omi kúrò lára rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí èèpo tó wọ àgbá. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ hó láàárọ̀ tí ẹ fẹ́ sun nírọ̀lẹ́ kò ní jóná dénú, apá kan á dúdú, apá kan á pọ́n, èyí tó pọ́n yẹn ló sì máa rú èéfín lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ sá a títí yóò fi máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Bí ẹ bá sun ún tán, ẹ tẹ́ èédú rẹ̀ síta gbangba fún wákàtí 24 ó kéré tán, kí ẹ tó rọ ọ́ sínú àpò. Èédú tuntun máa ń fa atẹ́gùn mọ́ra, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó sì tún ràn. Iná tó bá ti ibẹ̀ jó búkà yín kì í ṣe àfọ̀ṣẹ.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni lẹ́yìn tí ẹ bá fún un tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan ni oòrùn fi ń ṣe é, ó wà lọ́wọ́ bó ṣe tóbi tó. Nígbà òjò, ẹ fi pákó kan àtẹ tó ga nílẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bo orí rẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ má tò ó sórí sìmẹ́ńtì, abẹ́ rẹ̀ kò ní gbẹ láéláé. Ẹ máa yí i. Ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná kó lè yá, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ ṣáájú inú, á sì sán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ó ti gbẹ, ẹ fi nǹkan sàmì sí mélòó kan lára rẹ̀, kí ẹ máa gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín sí ti àná mọ́, tí ọjọ́ kejì rẹ̀ náà kò sì dín, ó ti gbẹ nìyẹn. Ojú kò lè sọ ọ́ fún yín. Ìjẹ̀bú tó lè bu gàrí sọ́wọ́ lásán, tí yóò sì sọ pé èyí kò yan dénú, kí ló dé tí kò lè fi irú sùúrù yẹn dúró ti èédú?

Ní ti sítáàṣì, ààbọ̀ kílò sí kílò kan tó fún kílò 10 èédú tí ẹ gún. Omi tó ń jáde lábẹ́ jáàkì tí ẹ fi ń fún gàrí, tí ẹ ń dà sí gọ́tà, bí ẹ bá jẹ́ kó silẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sítáàṣì ni. Ẹ rò ó bí ẹ̀kọ. Bó bá pọ̀ jù, á hu olú, kò sì ní tètè gbẹ. A tún ti padà sídìí omi.

Àwọn tó ń kọ́ yín lórí WhatsApp ní kí ẹ yọ́ ọ̀rá, kí ẹ da ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò mọ́ ọn, kí ó lè tètè ràn. Ọ̀rá tó ń jóná, májèlé ni, ẹ sì fẹ́ yan ẹja lórí rẹ̀! Àwọn mìíràn ní sìmẹ́ńtì. Sìmẹ́ńtì kì í jó, eérú ni yóò kún sítóòfù yín. Ẹnìkan tún sọ fún àwọn obìnrin kan pé ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ sún mọ́ àgbá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èédú kò ní le. Inú bí mi púpọ̀. Wọ́n lé òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ sẹ́yìn nítorí irọ́, nígbà tó jẹ́ pé èèpo tútù ni wọ́n rọ sínú àgbá.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi ń pariwo. Oṣù keje ni, òjò kò dá. Oníbàárà mi kan lápá Rẹ́mọ ti gba owó bírìkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ fi dáná ìnáwó, èyí tó fún kò sì tíì gbẹ. Ó pè mí. Mo ní kó bẹ̀ wọ́n, tàbí kó dá owó wọn padà. Kò gbọ́. Ó kó bírìkẹ́ẹ̀tì tútù wọ yàrá, ó tò ó yí ògiri ká, ó gbé sítóòfù èédú méjì sáàárín, ó ti fèrèsé kí ooru má baà jáde. Ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì sùn sí yàrá kejì, aṣọ ìkélé nìkan ló là wọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí ń fọ́ ọ, ó ń bì. Àwọn ọmọ kò lè dìde. Màmá kò dáhùn. Àwọn ará ilé ní ayé ni. Wọ́n rọ epo pupa sí àwọn ọmọ lẹ́nu, wọ́n gbé wọn lọ sílé àdúrà, àsìkò ń lọ. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ló gbọ́ tó pariwo lé wọn lórí kí wọ́n tó gbọ̀nà ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ yè é. Màmá kò yè é. Mo lọ síbẹ̀, mo ṣàlàyé títí ohùn fi há mi, síbẹ̀ wọ́n ní obìnrin kan nínú agbo ilé ló pa á. Obìnrin náà ti kó kúrò nílùú.

Kò sí obìnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Carbon monoxide ni, afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti ara iná èédú jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, èédú tó gbẹ jù lọ tí kò rú èéfín rárá sì ń tú u jáde. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn tí à ń mí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní rí atẹ́gùn gbé mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020, èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí 3,200,000 ènìyàn kárí ayé. Nítorí náà, ìta tàbí ilé ìdáná tó ṣí sílẹ̀ nìkan ni ibi èédú, ì báà jẹ́ tèmi. Mo ti kọ̀ láti ta ẹ̀rọ fún ẹni tó ní abẹ́ àtẹ̀gùn inú ilé lòun yóò ti máa lò ó.

Bí ẹ bá bá ènìyàn nínú yàrá tí wọ́n dáná èédú sí, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ wọ́ ọ jáde sí gbangba ná. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní mílíìkì. Ilé ìwòsàn ni tààrà, kí ẹ sì sọ fún dókítà látẹnu ọ̀nà pé èédú ló wà nínú yàrá náà, nítorí ọ́síjìn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fún un. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, wọ́n lè máa wá ibà.