Kì Í Ṣe Kí Ọkàn Ṣófo: Ohun Tí Àṣàrò Ń Ṣe fún Ọkàn Tí Kì Í Sinmi

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àṣàrò ni kí èèyàn jókòó, kó di ojú, kí ọkàn rẹ̀ sì ṣófo. Wọ́n á gbìyànjú rẹ̀, ìrònú á ya wọlé, wọ́n á ní irú àwọn kọ́ ló wà fún, wọ́n á dìde. Ohun tó ń bíni nínú níbẹ̀ ni pé àwọn tí ọkàn wọn kì í sinmi, tí nǹkan ọ̀hún ì bá wúlò fún jù, gan-an ni àṣìlóye yìí ń lé sá.

Lílé ìrònú jáde kò tilẹ̀ rọrùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní ọdún 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan pé kí wọ́n má ronú nípa béárì funfun, kí wọ́n sì lu aago nígbàkígbà tó bá sọ sí wọn lọ́kàn. Wọ́n lu aago ṣáá ni. Nígbà tí wọ́n wá yọ̀ǹda fún wọn láti ronú nípa rẹ̀, wọ́n ronú nípa rẹ̀ ju àwọn tó ti gba àyè láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan wọ òun lọ́kàn á máa yẹ ọkàn wò bóyá ó ti wọlé, yíyẹ̀wò yẹn ló sì ń pè é wá.

Kí ọkàn máa rìn kì í sì í ṣe àìsàn. Ní 2001, Marcus Raichle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ní St. Louis, ṣàlàyé pé àwọn apá kan wà nínú ọpọlọ tó jẹ́ pé ìgbà tí a kò gbé iṣẹ́ kankan lé e lọ́wọ́ ni iṣẹ́ tiwọn ń le sí i. Nígbà tí Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ní Yunifásítì Harvard sì ń fi fóònù bi àgbàlagbà 2,250 léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe àti ibi tí ọkàn wọn wà, nínú ìwádìí tó jáde ní 2010, ìdáhùn bíi 47 nínú 100 ló fi hàn pé ọkàn kò sí nídìí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ àṣàrò wà gan-an kéré, ó sì máa ń yára kọjá. Ẹ wo ẹnì kan tó jókòó, tó ń ka èémí rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Kó tó dé ẹ̀rin, ó rántí pé òun kò tíì fèsì sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to èsì náà. Ó ro ohun tí onítọ̀hún á sọ padà, ó dá a lóhùn, ohùn onítọ̀hún le, tirẹ̀ náà le. Àyà rẹ̀ ti ń lù kìkì, èjìká rẹ̀ ti ga sókè, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lójijì ó bi ara rẹ̀ pé: “Mélòó ni mo kà dé?”

Ìbéèrè yẹn ni iṣẹ́ náà. Kò sì sí ẹni tó pinnu láti bi í. A kò lè pàṣẹ fún ara wa pé ká ta jí nínú ìrònú, torí ẹni tó yẹ kó jẹ́ àṣẹ náà ti bá ìrònú lọ. Wendy Hasenkamp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Emory gbìyànjú láti ká ìṣẹ́jú àáyá yẹn mọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2012, àwọn 14 tí àṣàrò ti mọ́ lára dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n ń ṣọ́ èémí wọn, wọ́n sì ń tẹ bọ́tìnì nígbà tí wọ́n bá rí i pé ọkàn ti lọ. Nígbà tí ọkàn ń rìn, irú àwọn apá tí Raichle tọ́ka sí ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó ta jí, àwọn apá tó máa ń ta wá lólobó pé nǹkan yẹ ní kíkíyèsí ló gbà á. Nígbà tó ń padà, apá iwájú ọpọlọ tó ń darí àfiyèsí ló gbé e. Lẹ́yìn náà ó dúró ti èémí díẹ̀, ó sì tún gbọ̀nà.

Ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn ló jọ èyí jù. Èèkàn kò ní kó má rìn. Á máa jẹko lọ títí okùn á fi fà á lọ́rùn, ìfà yẹn ló sì jẹ́ kó mọ̀ pé òun ti jìnnà. Èyí tí a kò so lè wọ oko olóko kó má mọ̀ pé òun kúrò nílé. Bí okùn bá gùn jù, yóò ti ba nǹkan jẹ́ kó tó fà á. Bó bá kúrú jù, á máa ké, á máa yí èèkàn po títí okùn á fi wé mọ́ ọn lọ́rùn, bó ṣe ń rí fún àwọn tó ń fi tipátipá ṣe àṣàrò. Ibi tí àfiwé yìí ti já ni pé nínú ọkàn, ewúrẹ́ ló ni okùn, òun náà ló sì máa so ara rẹ̀.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àṣàrò tó yẹ ọkàn tí kì í sinmi ni èyí tí a máa tètè mọ̀ pé a ti sọ nù, kì í ṣe èyí tó dùn jù. Ìdí nìyẹn tí kíka èémí láti 1 dé 10, ká tún padà sí 1, fi jẹ́ ọgbọ́n gidi, bí àwọn kan tilẹ̀ ń fojú ohun ọmọdé wò ó. Nọ́ńbà ló ń tú àṣírí. Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ ní 14 kò nílò olùkọ́ láti sọ fún un. Bí a bá sì ti ṣìnà, 1 la ń padà sí. Wíwá ibi tí a ti dé kiri á di ìrònú mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ń tún sọ lábẹ́ẹ̀nu wúlò fún ẹni tí ìrònú rẹ̀ kún fún àwíjàre. Irú rẹ̀ wà nínú ọ̀nà ìfarabalẹ̀ tí Herbert Benson, oníṣègùn ní Harvard, gbé jáde ní àwọn ọdún 1970. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnu lè máa bá a lọ kí ọkàn ti wà níbòmíràn, kí nǹkankan má sì ta ọ́ lólobó. Fún ara tí kò lè jókòó, rírìn jẹ́jẹ́ dára: gbé gìgísẹ̀, gbé ẹsẹ̀ síwájú, fi í lélẹ̀. Bí ọkàn bá ti lọ, ẹsẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ohun tí a ó fi mọ̀ nìyẹn. Ẹni tí ṣíṣọ́ èémí ń já láyà, kó fi èémí sílẹ̀, kó máa fetí sí ìró tó wà láyìíká. Bí ìjókòó jẹ́ẹ́ bá sì ń jí ìrántí ohun ẹ̀rù kan dìde, kó dá a dúró, kó lọ rí oníṣègùn tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Mímí díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ara ló ń bá ṣiṣẹ́: ìlù àyà máa ń yára díẹ̀ bí a bá fa èémí sínú, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí a bá mí síta. Ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó lè tu ara lára láìkọ́ ọkàn bí a ṣe ń ta jí.

Ohun tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni kí èèyàn máa bá ara rẹ̀ wí. “Mo tún ti lọ! Irú orí wo lèyí?” Ó jọ aápọn, ṣùgbọ́n ọkàn tún ti gba ìrìn àjò kejì lọ ni. Bí ènìyàn bá sì ń jẹ èébú nígbàkígbà tó bá ta jí, kí ló máa mú ọpọlọ rẹ̀ fẹ́ ta jí mọ́? Bẹ́ẹ̀ ìtètètají yẹn ni ìfarabalẹ̀ ń gbà wọlé: ìjà inú ọkàn á dúró lórí gbólóhùn àkọ́kọ́, kí èjìká tó ga. Ìrònú lè má dín, gígùn rẹ̀ ló ń dín.

Bí kíkà bá ti mọ́ra tán, nọ́ńbà á máa lọ geere láti 1 dé 10, ìrònú á sì máa bá tirẹ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Kíkà á sẹ́yìn láti 10 máa ń tún un ṣe fún ìgbà díẹ̀. Bí ìyẹn náà bá tún mọ́ra, ó ti tó àkókò láti fi nọ́ńbà sílẹ̀ kí a máa ṣọ́ èémí nìkan.