Ọta ìbọn nìkan kọ́ ló pa Garfield

Bí wọ́n bá ti ní wọ́n yìnbọn pa olóṣèlú kan, ohun tí gbogbo wa máa ń bèèrè ni pé ta ló rán wọn. Ní Ifẹ̀ níbí, a ò tíì bọ́ nínú ìbéèrè yẹn láti oṣù Kejìlá ọdún 2001, nígbà tí wọ́n pa Ọdúnayọ̀ Ọlágbajú, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun, láàárín ìlú, tí kò sì pé ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n tún pa Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, mínísítà ètò ìdájọ́, nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà. Ọlọ́pàá àti adájọ́ ló ni ìdáhùn yẹn. Iṣẹ́ abẹ ni tèmi, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìbọn bá dún tán.

Nínú àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn pa, Abraham Lincoln ní 1865, John Kennedy ní 1963, orí ni ìbọn ti bà wọ́n. Kò sí dókítà tó lè gbà wọ́n là.

Ti James Garfield ló ń dùn mí. Ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1881 ni Charles Guiteau yìnbọn fún ààrẹ Amẹ́ríkà yìí ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Washington. Ọta kan họ ọ́ lápá, èkejì gba ẹ̀yìn wọlé. Kò kan ọkàn, kò kan ẹ̀dọ̀fóró, kò já mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nínú ibùdókọ̀ yẹn náà ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìka àti irin tí wọn ò fọ̀ bọ ojú ọgbẹ́, wọ́n ń wá ọta. Dókítà Bliss tó gba ìtọ́jú rẹ̀ kò yé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 10 tí Joseph Lister ti ń kọ́ àwọn dókítà pé kí wọ́n fi oògùn apakòkòrò fọ ọwọ́ àti irinṣẹ́, púpọ̀ nínú àwọn ará Amẹ́ríkà ni kò gbà. Alexander Graham Bell, ẹni tó ṣe tẹlifóònù, gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin wá. Apá ọ̀tún ni Bliss jẹ́ kó wò, apá òsì ni ọta wà. Ihò kékeré di ihò gbọọrọ tó kún fún ọyún. Garfield gbẹ mọ́ egungun, ọjọ́ 79 lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn fún un ló kú. Guiteau sọ ní kóòtù pé àwọn dókítà ló pa á, òun kàn yìnbọn ni. Wọ́n yẹgi fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni irọ́.

Ẹ wá wo Theodore Roosevelt, tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí. Ní 1912, níbi ìpolongo ìbò ní Milwaukee, wọ́n yìnbọn fún un láyà. Ìwé ọ̀rọ̀ tó ká sápò àti àpò irin awò ojú rẹ̀ dín agbára ọta kù. Ó sọ̀rọ̀ fún àwọn èèyàn ju wákàtí kan lọ kó tó gbà kí wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù. Àwọn dókítà fi ọta náà sílẹ̀ níbi tó wà. Inú àyà rẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní 1919.

Ọta tó ti dúró jẹ́ẹ́ nínú ẹran ara kì í sábà pani. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà àti ìdọ̀tí tó wọlé ni kí ẹ bẹ̀rù. Nígbà tí wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ Ronald Reagan ti Amẹ́ríkà ní 1981, ilé ìjọba ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé e lọ, àfìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀ tó ń hó bí ọṣẹ lẹ́nu rẹ̀ tó ní kí wọ́n yà sí ọsibítù. Ó pàdánù nǹkan bí ìdajì ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, síbẹ̀ ó yè.

Lọ́dọ̀ wa, ṣakabùlà ọdẹ ni mo ń rí jù, ọta wẹ́wẹ́ ló sì ń tú jáde. Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá láti oko kòkó lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó. Ẹbí rẹ̀ ti fi abẹ ìfárí wú ọta mẹ́ta jáde nítan rẹ̀, wọ́n dì wọ́n sínú ọ̀rá kí n lè rí i. Wọ́n fi ewé àti epo dí ojú ọgbẹ́. Ẹ̀yìn itan ni ihò tó ń da ẹ̀jẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó yí i padà wò. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí.

Ẹ má wú ọta. Ẹ yí ẹni náà padà, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ wo abẹ́ apá. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tó ń da ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ má ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ, ẹ fi òmíràn lé e. Bí ó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ẹ fi aṣọ fífẹ̀ so ó le dan-in lókè ọgbẹ́, kó má ṣe bọ́ sí oríkèé, kí ẹ sì rántí aago tí ẹ so ó. Bí ó bá jẹ́ àyà, tí kò lè mí dáadáa, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má fún un lómi, torí iṣẹ́ abẹ tó lè tẹ̀ lé e. Ẹ gbé e, ká lọ.

Ìwé ọlọ́pàá ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ni ẹ̀ ń bẹ̀rù, mo sì mọ àwọn tó ti kú lẹ́nu géètì nítorí rẹ̀. Láti 2017 ni òfin àpapọ̀ ti pàṣẹ pé ọsibítù èyíkéyìí, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, gbọ́dọ̀ gba ẹni tí ìbọn bà, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá ì báà wà tàbí kó má sí, owó àkọ́san ì báà wà tàbí kó má sí. Ọsibítù fúnra rẹ̀ ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Òfin náà dáàbò bo ẹni tó gbé e wá pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ gba ìwé wá, ẹ dárúkọ òfin ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà ti 2017 fún wọn, ẹ má gbé aláìsàn yín padà sínú mọ́tò.