Àjẹsára ọmọdé ń pọ̀ sí i, èèyi náà ń jà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní oṣù Keje ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ìṣirò ọdún 2024 jáde lórí àjẹsára ọmọ-ọwọ́. Apá kan rẹ̀ dùn-ún gbọ́, apá kejì bani lẹ́rù, ọ̀pọ̀ ẹni tó kà á kò sì mọ èyí tí wọn ì bá dì mú. Àwọn ìbéèrè tó ń jẹ yọ jù rèé.

Kí ni wọ́n sọ gan-an?

Pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 89 gba ó kéré tán ẹyọ kan nínú abẹ́rẹ́ tó ń dènà difitéríà, tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ikọ́ líle, tí 85 sì gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Àwọn tí kò rí ẹyọ kan gbà jẹ́ mílíọ̀nù 14.3. Ó lé ní ìdajì wọn tó wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án péré: Nàìjíríà, Íńdíà, Sudan, Kóńgò ti Kinshasa, Ethiopia, Indonesia, Yemen, Afghanistan àti Àǹgólà.

Ṣé 85 nínú ọgọ́rùn-ún kò dára ni?

Ó dára. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò àjẹsára ọmọdé káàkiri ayé lọ́dún 1974, ọmọ tó ń gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé láwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ló wá dé tí èèyi fi ń jà káàkiri?

Nítorí pé èèyi kò láàánú. Ibà tó ń sú sí ọmọ lára, tó ń mú ojú pọ́n yìí, ẹni kan tó ní in lè kó o ran ẹni 12 sí 18 níbi tí kò bá ti sí ẹni tó ní ààbò. Afẹ́fẹ́ inú yàrá tí aláìsàn náà ti jáde ṣì lè kó o ran ẹlòmíràn fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Kí irú àrùn bẹ́ẹ̀ tó jókòó, ọmọ 95 nínú ọgọ́rùn-ún ní láti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2024, àwọn tó gba ti àkọ́kọ́ jẹ́ 84, àwọn tó gba ìkejì jẹ́ 76.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń fún ọmọ ní ti àkọ́kọ́ lóṣù kẹsàn-án, kì í ṣiṣẹ́ lára nǹkan bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó gbà á. Nínú 84 yẹn, a jẹ́ pé méjìlá tàbí mẹ́tàlá kò ní ààbò bí wọn kò bá gba ìkejì. Ẹ pa wọ́n pọ̀ mọ́ 16 tí kò gbà rárá, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pé 30. Abẹ́rẹ́ kejì kì í ṣe ẹ̀bùn àfikún o.

Èyí tó burú jù ni pé àwọn tí kò gbà kì í fọ́n káàkiri. Ojú kan ni wọ́n máa ń kóra jọ sí: abúlé tí odò gé kúrò lára ìlú, àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, àdúgbò onílé páànù lẹ́yìn ìlú ńlá tí ìjọba kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan. Èèyi kì í ka ìṣirò gbogbo orílẹ̀-èdè. Irú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀ ló ń wá lọ. Orílẹ̀-èdè tí ó ti jà gidigidi jẹ́ 33 lọ́dún 2022. Nígbà tó fi máa di 2024, wọ́n ti di 60.

Ṣé àwọn òbí tó kọ abẹ́rẹ́ ló fà á?

Àwọn kan wà, wọn ò sì pọ̀ tó bí ariwo wọn ṣe pọ̀ tó. Mílíọ̀nù 5.7 ọmọ ló bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ mẹ́ta yẹn lọ́dún 2024 tí wọn kò parí rẹ̀. Òbí tó ti gbé ọmọ wá lẹ́ẹ̀kan kò lòdì sí abẹ́rẹ́. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkẹta. Ní ti àwọn tí kò gbà rárá, ìdajì wọn wà ní orílẹ̀-èdè 26 tí ogun tàbí rògbòdìyàn ti dojú ẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ ìdá kan péré nínú mẹ́rin àwọn ọmọ-ọwọ́ ayé ló ń gbé níbẹ̀. Ìwàásù kò ní ṣí ọ̀nà tí ìbọn dí.

Kí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkẹta?

Oko, ọjà, owó ọkọ̀, nọ́ọ̀sì tí kò wá. Ìgò náà sì wà ńbẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà.

Bí ìyẹ̀fun gbígbẹ ni àjẹsára èèyi ṣe máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ìgò kékeré, ti ọmọ mẹ́wàá ló sì sábà máa ń wà nínú ìgò kan. Nọ́ọ̀sì á fi omi tó bá a wá pò ó. Láti ìgbà náà, wákàtí mẹ́fà ló ní. Bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá parí ṣáájú, dídànù ni. Ó wo bẹ́ǹṣì, ọmọ méjì ló rí. Bó bá ṣí ìgò, ti ọmọ mẹ́jọ ṣòfò, ọ̀gá á sì bi í léèrè. Ló bá ní kí ìyá lọ, kó padà wá lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Ìyá tó rìn ní wákàtí méjì kó tó débẹ̀ lè má padà wá mọ́ láé.

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni pé kí wọ́n ṣí ìgò náà bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí àtúnṣe ti rọrùn jù nìyí. Ọ̀gá tó ń ka ìgò tó ṣòfò, tí kì í ka ọmọ tí wọ́n dá padà, kò lè rí ju ohun tó ń kà lọ. Ìgò ọmọ márùn-ún ti wà, ó kàn wọ́n ju ti mẹ́wàá lọ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ṣé ó bójú mu kí wọ́n máa fún òbí ní ẹ̀bùn kí wọ́n lè wá?

Kò bá àwọn kan lára mu, àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ní agbègbè Udaipur ní Íńdíà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Abhijit Banerjee àti Esther Duflo pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Láwọn abúlé tí wọn kò fọwọ́ kàn, ọmọ 6 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba àjẹsára pé. Níbi tí àwọn elétò ti ń wá lóṣooṣù láìyẹ̀, ó di 18. Níbi tí wọ́n ti fi kílò kan ẹ̀wà lẹ́ńtì kún un fún ẹni tó bá wá, àti àwo ìjẹun fún ẹni tó bá parí, ó di 39. Owó tí wọ́n ná lórí ọmọ kan tó parí wá kéré sí ti ibi tí kò sí ẹ̀bùn, nítorí pé òṣìṣẹ́ kò jókòó lásán mọ́. Ẹ má sì fojú fo 18 yẹn: wíwá lọ́jọ́ tí wọ́n dá nìkan ló sọ 6 di ìlọ́po mẹ́ta.

Ta ló ń sanwó rẹ̀, ṣé owó náà ń tán ni?

Fún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò tó, Gavi, àjọ àgbáyé tó ń bá wọn ra àjẹsára, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2000, ló ń gbé púpọ̀ nínú ẹrù náà. Dọ́là bílíọ̀nù 11.9 ló wá kiri fún 2026 sí 2030. Ní oṣù Kẹfà 2025, Amẹ́ríkà sọ pé òun kò ní dá owó mọ́, ìlérí àwọn tó kù sì lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 9. Ìjọba tó bá ti sọ ọ́ di àṣà pé àlejò ló máa sanwó oúnjẹ ilé òun, kó yáa tún ìwé ìṣúná rẹ̀ wò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà kò tíì bàjẹ́?

Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò hàn yín. Kì í ṣe àfojúdi. Lára rẹ̀, ẹ máa rí àmì róbótó kan aláwọ̀ àlùkò tó ní igun mẹ́rin tó mọ́ láàárín. Bí ooru bá ṣe ń bá ìgò náà tó ni igun mẹ́rin yìí ń ṣú. Bó bá ti ṣú tó róbótó tó yí i ká, tàbí tó jù ú lọ, wọn kò gbọdọ̀ lò ó. Ooru nìkan ni àmì náà ń sọ o. Àjẹsára mẹ́dọ̀wú B àti alápapọ̀ tó ń dènà àrùn márùn-ún máa ń bàjẹ́ bí wọ́n bá di yìnyín, àmì náà kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí rèé tí wọn kò fi gbọdọ̀ gbé e lé yìnyín tààrà nínú kúlà: 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ààyè rẹ̀.

Ọmọ mi ń kọ́ díẹ̀. Ṣé kí n dúró?

Rárá. Ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn fẹ́ẹ́rẹ́ kì í dí àjẹsára lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n dá ti kọjá. Ṣé a máa tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni?

Ẹ kò ní tún un bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ ti dúró ni wọ́n á ti máa bá a lọ.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù lẹ́yìn abẹ́rẹ́?

Ara gbígbóná díẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ tó wú, ẹkún: ọjọ́ kan sí méjì ni. Bí gìrì bá mú ọmọ, tí èémí rẹ̀ bá ń há, tí ojú tàbí ètè rẹ̀ bá wú, tàbí tí kò mu ọyàn mọ́, ẹ gbé e padà kíákíá, ẹ má dúró di àárọ̀.

Káàdì ọmọ ti sọnù ńkọ́?

Ẹ lọ síbi tí ẹ ti gbà á, kí wọ́n wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n lè tún abẹ́rẹ́ náà gún un. Gbígbà á lẹ́ẹ̀kan sí i kì í sábà pa ọmọ lára. Ẹ fi fóònù ya àwòrán káàdì tuntun náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.